Láti Abẹ́ Aṣọ Ni Lolita Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí aṣọ Lolita, òkè rẹ̀ ló máa ń rí: gáùn tó dúró bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, léèsì létí rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù láyà, ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ọ̀ṣọ́ ńlá lórí. Ohun tó mú gáùn yẹn dúró kò ní hàn sí i. Yẹ̀rì ni. Mo mọ obìnrin kan tó ná owó oṣù kan gbáko sórí gáùn tó ti Tókíò wá, tó wá gbé e wọ̀ láìsí nǹkan kan lábẹ́. Ṣe ni gáùn ọ̀hún lẹ̀ mọ́ ọn nítan bí aṣọ tí òjò ká mọ́ orí okùn. Èmi gan-an ni obìnrin náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí orí ìwé yìí ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wọ̀. Japan ló bí aṣọ yìí, pàápàá àdúgbò Harajuku nílùú Tókíò. Ṣọ́ọ̀bù Milk, tó ṣí ní Harajuku lọ́dún 1970, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ta aṣọ oníléèsì àti oníríbọ́ọ̀nù fún obìnrin tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ múra bí àgbà. Iléeṣẹ́ aṣọ Pink House náà tẹ̀ lé e. Baby, The Stars Shine Bright dé lọ́dún 1988, Metamorphose temps de fille dé lọ́dún 1993 ní Osaka. Angelic Pretty, tí àwọn olólùfẹ́ àwọ̀ píǹkì kì í lè fẹnu wọn sílẹ̀ lórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Pretty lọ́dún 1979, ó sì di Angelic Pretty lọ́dún 2001. Ọdún 2001 yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn Gothic & Lolita Bible jáde. Kì í ṣe àwòrán nìkan ló wà nínú rẹ̀, pátánù aṣọ rírán wà níbẹ̀, tí ẹni tí kò lówó ṣọ́ọ̀bù lè tẹ́ sórí aṣọ kó sì gé e. Aṣọ ààfin ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti aṣọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ń wò rán an, ṣùgbọ́n wọn ò dà á kọ. Wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lára ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ẹ wá fíìmù Shimotsuma Monogatari tó jáde lọ́dún 2004, èyí tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ìtàn Novala Takemoto. Momoko, ọmọbìnrin inú rẹ̀, ń gbé láàárín oko, a sì máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tókíò nítorí gáùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó mọ abẹ́rẹ́ lò. Ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ lò ti jáwọ́ nínú ìdajì ìyọnu aṣọ yìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Ìwé ìtàn kan wà tí Vladimir Nabokov kọ, tó jáde lọ́dún 1955, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin tó ba ayé ọmọdé jẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ yìí kò bá ìwé náà tan. Aṣọ Lolita bo àyà, ó bo èjìká, ó dé orúnkún, ìyá ìjọ ò sì ní rí nǹkan bá wí níbẹ̀ àfi iye rẹ̀. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ á sọ fún yín pé torí ojú ara àwọn làwọn ṣe ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe torí ojú ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì: tí ẹ bá ń wá aṣọ, ẹ má tẹ orúkọ yẹn nìkan, ẹ fi fashion kún un, kí ẹ má baà rí ohun tí ẹ ò wá.

Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òpó mẹ́ta ló gbé ilé náà dúró. Àkọ́kọ́ ni Sweet, aládùn: píǹkì, búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwòrán àkàrà òyìnbó àti èso sitirọ́bẹ́rì lára aṣọ, ríbọ́ọ̀nù lórí ríbọ́ọ̀nù. Angelic Pretty àti Baby ló jọba níbẹ̀. Ìkejì ni Gothic: dúdú, àwọ̀ wáìnì, àgbélébùú, léèsì dúdú. Mana, tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Malice Mizer, ló dá Moi-même-Moitié sílẹ̀ lọ́dún 1999 fún irú aṣọ yìí. Ìkẹta ni Classic, èyí tí Innocent World, Victorian Maiden àti Mary Magdalene ti rán: àwọ̀ ilẹ̀, ewéko gbígbẹ, òdòdó wẹ́wẹ́. Èmi ò ní tan yín, Classic ni mo máa ń ní kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó dára jù. Àṣìṣe kì í tètè hàn nínú rẹ̀ ni. Píǹkì ò bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó mọ ìmúra Yorùbá kò ní pẹ́ mọ òfin tó ṣe kókó jù. Ìró àti bùbá léèsì láìsí gèlè, láìsí ìpèlé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lóde ìgbéyàwó: bí ẹni tí wọ́n pè jáde nílé lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáùn Lolita tí kò ní nǹkan lórí, tí kò ní ìbọ̀sẹ̀, tí kò ní yẹ̀rì. Odindi ìmúra ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gáùn. Àwọn ará Japan ń pe odindi yẹn ní kode. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe àǹkóò: ọ̀rẹ́ méjì á wọ gáùn kan náà, tàbí kí ọ̀kan wọ ti pupa, kí èkejì wọ búlúù, wọ́n á sì máa pe ara wọn ní ìbejì. Èyí dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo rò pé àwa nìkan la fẹ́ràn ìbejì tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmúra kan ṣoṣo tó pé sàn ju gáùn mẹ́rin tí kò ní ẹnìkejì. Tí owó tí ẹ ní bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, ẹ má ná ju márùn-ún lọ sórí gáùn. Ìyókù jẹ́ ti yẹ̀rì, búláòsì, bàtà àti ohun orí. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Gáùn ló ń wọ ojú, yẹ̀rì ò wọ ojú ẹnikẹ́ni.

Yẹ̀rì tí mo ń wí kì í ṣe pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ sábẹ́ ìró kí ara má baà hàn. Èyí tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní can-can ni, tí wọ́n ń rán sábẹ́ gáùn ìyàwó àti gáùn ọmọ tó ń ṣọjọ́ ìbí. Nígbà tí mo gbé ìwọ̀n tèmi lọ bá télọ̀ mi n'Íbàdàn, ó wo ìwé, ó wò mí.

“Àǹtí, ọmọ yín ọdún mélòó ló fẹ́ wọ̀ ọ́?”

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó, ó sì mú néètì líle tó fi ń rán tàwọn ọmọdé, ó fi rán tèmi. Kí n tó wọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí, ó ti fi ìlà pupa sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ológbò ha léèékánná. Kò sì dúró bí agogo. Ṣe ló nà tàntàn bí agboòrùn tí atẹ́gùn yí padà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó rán.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún un rèé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ mú un lọ bá tiyín. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀gáńsà tó rọ̀ dípò néètì líle. Ọ̀gáńsà kì í tètè rẹ̀ dànù, kì í sì í ha ara. Kó gé e sí ìpele mẹ́ta. Ìpele òkè, tó so mọ́ rọ́bà ìbàdí, kó jẹ́ mítà kan ààbọ̀ yíká. Ìkejì, mítà 3. Ìkẹta, mítà 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà lókè rẹ̀, torí pé kíkó tí wọ́n ń kó o jọ kó tó lè bá ti òkè mu ló ń gbé aṣọ dìde. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ni ìpele kọ̀ọ̀kan gùn, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 45, èyí tó tó fún ọ̀pọ̀ gáùn. Òfin tí kì í yẹ̀ ni pé kí yẹ̀rì kúrú ju gáùn lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Yẹ̀rì tó yọ létí gáùn dà bí ahọ́n tó yọ síta. Kó wá rán aṣọ òwú fẹ́lẹ́ sí inú pátápátá, níbi tó kan ara. Ẹ jẹ́ kó ṣe irú rẹ̀ méjì lórí ara wọn, tó bá jẹ́ pé aṣọ gáùn yín wúwo.

Ibi tí wíwú náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu bí gáùn ṣe máa rí. Tó bá ti ìbàdí wú, ẹ óò rí agogo, èyí tí àwọn aládùn fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, gáùn á dà bí òrùlé ahéré, ó tín lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó bá Classic mu. Ẹ wo inú gáùn yín dáadáa kí ẹ tó rán yẹ̀rì: gáùn tí aṣọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ kò lè gba agogo, bó ti wù kí yẹ̀rì pọ̀ tó. Á kàn fún ni, á sì gbé etí gáùn sókè.

Abẹ́ yẹ̀rì náà ní tirẹ̀: ṣòkòtò péńpé onírọ́bà lórúnkún, tó ní léèsì létí. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, àtẹ̀gùn ń bẹ ní ilé ìtajà, itan a sì máa bára wọn jà nígbà ooru. Èyí tí télọ̀ bá fi òwú rán kò ní wọ́n.

Tí ẹ bá ti wọ yẹ̀rì délé, ẹ má ká a sínú àpótí. Ẹ fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀, kí ìpele tó wú wà lókè. Ìwúwo ara rẹ̀ náà á tún un ṣe. Tó bá ti rẹ̀, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Àti pé tí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ gbé gáùn àti yẹ̀rì sókè lẹ́yìn kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá ń jókòó lé yẹ̀rì lójoojúmọ́ á rán tuntun lọ́dún.

Búláòsì ló kàn. Ẹ ra funfun kan tó ní kọ́là róbótó, tí apá rẹ̀ wú díẹ̀ léjìká. Òwú ni kó jẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ti ọ̀rá tan yín. Ooru Tókíò ní oṣù Kẹjọ máa ń ju ìwọ̀n 30 lọ, àwọn tó ń wọ aṣọ yìí níbẹ̀ sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá òwú. Ẹ jókòó nínú búláòsì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bóyá àárín bọ́tìnnì rẹ̀ là láyà.

Funfun wo? Ìbéèrè yìí ti ba ìmúra ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tó bá ti bá wọn ra léèsì ìgbéyàwó mọ̀ pé funfun ju ọ̀kan lọ: funfun láú wà, bẹ́ẹ̀ funfun tó fẹ́ jọ ìpara wàrà náà wà. Ẹ wo léèsì tó wà lára gáùn yín, kí ẹ gbé e lọ sí ojú ọ̀sán, ẹ má wò ó lábẹ́ iná. Irú funfun tó bá jẹ́ ni kí búláòsì àti ìbọ̀sẹ̀ yín jẹ́. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, èyí tó fẹ́ jọ wàrà á dà bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ dáadáa.

Ó tó ká dé orí gáùn wàyí. Mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, orúkọ gígékúrú wọn ni ẹ óò sì máa rí níbi tí wọ́n ti ń tà á. OP ni gáùn alápá, tó pé fúnra rẹ̀. JSK kò lápá, búláòsì ló ń wọ inú rẹ̀. SK ni síkẹ́ẹ̀tì nìkan. JSK ni mo yàn fún yín: búláòsì méjì lórí JSK kan ti di ìmúra méjì. Kí ó jẹ́ aláwọ̀ kan tàbí olódòódó wẹ́wẹ́. Ẹ fi àwọn tó ní àwòrán ńlá sílẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé àwòrán ẹṣin àti ààfin yẹn máa ń fa ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí yín nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, tí ẹ bá tún wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ti di alágbàṣe àwòrán.

Ẹ mú téèpù. Ẹ wọ búláòsì àti kọ́mú tí ẹ máa wọ̀ gan-an kí ẹ tó wọn àyà. Ẹ wọn ìbàdí níbi tó tín jù, kì í ṣe ibi tí ẹ ń so ìró mọ́. Ẹ wọn èjìká láti eegun dé eegun. Ọ̀pọ̀ gáùn Japan ni wọ́n ń rán ní ìwọ̀n kan tàbí méjì péré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà ran ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè nà; tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà shirring, rọ́bà ẹ̀yìn yẹn ni. Ó ń gba àyà là, ó ń gba ìbàdí là, ṣùgbọ́n kò lè ran èjìká lọ́wọ́. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sílẹ̀ fún èémí. Ẹ ò lè jẹun nínú gáùn tó bá yín mu gẹ́lẹ́. Àwọn kan tó ń ta òkìrìkà máa ń tẹ́ gáùn sílẹ̀, wọ́n á wọn ojú kan ṣoṣo. Ẹ ní láti sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ gíga náà wà níbẹ̀. Ara obìnrin tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 158 ni wọ́n ń fojú sùn ní Japan. Tí ẹ bá ga tó 170, gáùn tó bo orúnkún rẹ̀ á dúró sókè orúnkún tiyín. Ẹ má tú etí gáùn. Ẹ rán síkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ kan tó ní léèsì dáradára fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10 létí, kí ẹ wọ̀ ọ́ lé yẹ̀rì. Léèsì yẹn á yọ lábẹ́ gáùn bí ẹni pé láti ilé iṣẹ́ ló ti wá bẹ́ẹ̀.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Gáùn tuntun láti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Japan máa ń wọ́n gan-an, búláòsì a máa gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀, kí wọ́n tó dá owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù lé e. Èmi ò ra tuntun rí lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn. Òkìrìkà Japan kì í ṣe irú èyí tí à ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi Closet Child àti Wunderwelt máa ń kọ gbogbo àbàwọ́n sílẹ̀, títí dórí bọ́tìnnì kan tó ṣí. Lace Market wà fún ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Tí ẹ bá rí gáùn lórí Mercari tàbí Yahoo Auctions ti Japan, iléeṣẹ́ aṣojú bíi Buyee lè bá yín rà á kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ ka owó tí wọ́n ń gbà síwájú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, torí pé owó aṣojú, owó ìdì àti owó ọkọ̀ òfuurufú lè gbé iye gáùn di méjì. Àwọn aránṣọ ilẹ̀ Ṣáínà náà wà lórí Taobao, wọ́n dín owó púpọ̀, iṣẹ́ àwọn kan sì mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí ẹ sanwó sílẹ̀ kí ẹ dúró, ìdúró náà sì lè gùn.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ sá fún ayédèrú. Ó ti mú mi rí. Olùtà kan fi àwòrán gáùn iléeṣẹ́ gidi hàn mí, ohun tó dé ọwọ́ mi jẹ́ sátínì tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ìka wo léèsì rẹ̀, ó ní, “Èyí kọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ inú pósí?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dán léèsì wò. Léèsì tó yẹ aṣọ yìí jẹ́ òwú, ó ní ìwúwo, iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ketekete, kì í dán, kì í sì í le gangan. Ẹ mú ojú àwòrán náà súnmọ́ tòsí. Tí léèsì bá ń dán nínú fọ́tò, á dán ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ojúkojú.

Bàtà tó ní orí róbótó àti okùn tó gba orí ẹsẹ̀ kọjá ló bá a mu, gìgísẹ̀ tó nípọn, kì í ṣe gogoro bí ìṣó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní irú rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó kọjá orúnkún máa ń yọ́ wálẹ̀. Ẹ fi rọ́bà fẹ́lẹ́ mú un nínú.

Orí. Fún gáùn aládùn, ríbọ́ọ̀nù ńlá. Fún Classic, bónnẹ́ẹ̀tì tàbí fìlà kékeré olódòódó. Ẹ ó rí wíìgì pupa àti wíìgì olómi wúrà níbi gbogbo, ẹni tó bá wù kó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irun yín ò bá a mu. Mo ti rí ríbọ́ọ̀nù funfun lórí irun dídì méjì tó gùn dé àyà, mo ti rí bónnẹ́ẹ̀tì lórí irun tí wọ́n kó jọ sókè tó wú bí òwú, àwọ̀ dúdú lábẹ́ léèsì tó jọ wàrà. Léèsì náà kò tíì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni lójú mi. Ẹ kàn wọn orí yín pẹ̀lú irun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó ra bónnẹ́ẹ̀tì. Wọn ò fi irun wa wọn orí tí wọ́n ń rán an fún.

Fífọ̀: ẹ yọ gbogbo ríbọ́ọ̀nù tó ń yọ, ọ̀pọ̀ wọn ni pínnì ló mú wọn dání. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù pa abẹ́ gáùn níbi tí kò hàn. Tí àwọ̀ bá jáde, ẹ má rì í sómi nílé, ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbígbẹ fọṣọ. Tí kò bá jáde, omi tútù, ọṣẹ tí kò le, ọwọ́, kí ẹ má fún un. Jíìkì kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Ibòji ni kí ẹ sá a sí. Ẹ lọ léèsì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín òun àti áyọ́ọ̀nù.

Àwọn ènìyàn á wò yín. Ní Harajuku pàápàá wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ á ya fọ́tò láìbi yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá, ẹ sì yí ojú kúrò. Àwọn ọmọdé á bi yín bóyá ọmọ ọba ni yín. Èmi máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pe ìmúra tí kò dára, ita, èyí tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Japan fún ohun tó ń dunni. Tí wọ́n bá pe tiyín bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń dun wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá lè dáhùn, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọ gbogbo rẹ̀ nínú ilé fún wákàtí méjì. Ẹ jókòó, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá yẹ̀rì yín pọ̀ jù. Ohun tó bá ń fún, ohun tó bá ń yọ́, ohun tó bá ń ha ara, ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ kó abẹ́rẹ́, òwú àti pínnì mẹ́ta sínú báàgì. Kí ẹ mú agboòrùn dání.